Ọjọ́ Tí Ọkọ̀ Bàbá Pákó Dákẹ́

Ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọkọ̀ náà: arúgbó ni, ìwà arúgbó ló sì ń hù. Láàárọ̀, yóò kọ́kọ́ wúkọ́, yóò tu èéfín dúdú sójú gbogbo àdúgbò, kó tó wá bú ramúramù. Nọ́ńbà tó ń ka ìrìn rẹ̀ ti kà á débi tí agbára rẹ̀ mọ, ó padà sí òdo, ó tún bẹ̀rẹ̀, ó sì tún ti ń sún mọ́ òpin. Ká ní òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ì bá ti fẹ̀yìn tì, wọn ì bá ti gbàgbé ẹ̀ pàápàá. Àmọ́ píkọ́ọ̀pù tó ń mu epo dísù ni. Pákó ló ń gbé láti ilé ìlagẹdú lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn káfíńtà, ẹni tó sì ń wà á ni gbogbo ayé ń pè ní Bàbá Pákó.

Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Pákó, ló máa ń jókòó sí àga kejì. Òun ló mọ káfíńtà tó ń fẹ́ ọmọ káfíńtà kejì, òun ló mọ èyí tí kò ṣeé fún ní pákó tó tẹ̀ nítorí ẹnu rẹ̀. Ó ní orúkọ tó ń pe ọkọ̀ náà: "ìyáálé mi." Kò sì purọ́. Ọkọ̀ ti wà nílé kó tó wọlé ọkọ. "Òun ló gbà mí lálejò," ni yóò wí, "kò sì tíì bínú lọ títí dòní."

Ariwo ìyáálé yìí kì í ṣe kékeré. Ẹni tó bá jókòó sínú rẹ̀ tó fẹ́ sọ̀rọ̀, àfi kó ké bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Ó ti wá mọ́ gbogbo ìdílé lára láti máa pariwo bá Bàbá Pákó sọ̀rọ̀, ọkọ̀ ni wọ́n sì ń bú. Bàbá náà a bá wọn bú u. "Ẹ tún un wí o, ọkọ̀ yìí ò jẹ́ n gbọ́." Tí ó bá délé tí wọ́n pè é tí kò dáhùn, a ní ariwo ọkọ̀ ṣì ń hó nínú orí òun.

Irọ́ ni. Ọkọ̀ kọ́. Etí ló ń lọ.

Bàbá Pákó mọ̀. Ó ti pẹ́ tó ti mọ̀. Ti ọ̀tún ló kọ́kọ́ ń rọra lọ bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n rí òun, kí ti òsì tó tẹ̀ lé e. Tí àwọn èèyàn bá rẹ́rìn-ín, a bá wọn rẹ́rìn-ín. Tí wọ́n bá mi orí, a mi tirẹ̀. Ọjọ́ kan wà tó fi ayọ̀ rẹ́rìn-ín sí ọkùnrin tó ń ròyìn iṣẹ́ abẹ fún un. Ìtìjú ọjọ́ náà kò tíì tán lára rẹ̀. Síbẹ̀, ó fi ẹ̀jẹ̀ sínú, ó ń tu itọ́ funfun jáde, nítorí ohun kan ṣoṣo: kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.

Àbúrò rẹ̀ lọ́kùnrin, awakọ̀ bíi tirẹ̀, ni ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Àwọn ọmọ àbúrò yìí pé jọ, wọ́n fi sùúrù àti ìfẹ́ bá a sọ̀rọ̀, wọ́n sì gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà, fáráńdà ló ń jókòó sí, tó ń fetí dá ọkọ̀ tó ń kọjá mọ̀, tó ń dárúkọ wọn fún ara rẹ̀. Bàbá Pákó lọ kí i lẹ́ẹ̀kan, ó padà sílé, kò lè jẹun. Ó ní ọjọ́ tí wọ́n bá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ òun, kí wọ́n kúkú gba ẹ̀mí mọ́ ọn.

Bẹ́ẹ̀ ni ariwo ọkọ̀ ṣe di aṣọ tó fi ń bo àṣírí. Àwọn èèyàn ń bẹ̀ ẹ́ pé kó tún un ṣe, ó ń sọ pé kò sí ohun tó ṣe é. Ta ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ tú aṣọ ìdí ara rẹ̀?

Òkè tó wà lọ́nà ilé ìlagẹdú ló da ọ̀rọ̀ rú. Ọjọ́ kan báyìí, pákó kún ẹ̀yìn ọkọ̀, wọ́n gun òkè dé ìdajì, ìyáálé wúkọ́, ó kú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀yìn rìn. Ìyá Pákó bẹ́ sílẹ̀, ó wá òkúta ki bọ abẹ́ táyà. Nígbà tí èémí rẹ̀ padà, ó fi ọwọ́ méjèèjì di bàdí mú, ó ké mọ́ ọkọ rẹ̀ létí.

"Bàbá wọn! Mi ò wọ ọkọ̀ yìí mọ́! Tí ẹ ò bá gbé e lọ sọ́dọ̀ ọmọ yín, ẹ wá ìyàwó míì tí yóò máa ki òkúta!"

Èyí, ó gbọ́ ọ. Káfíńtà tó wà lábúlé kejì náà gbọ́.

Ọmọ tí ìyá ń wí yìí ni àkọ́bí wọn obìnrin. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ló kọ́, ẹ́ńjìnnì dísù nìkan ló sì ń tún ṣe, tí wọ́n fi ń pè é ní Ọ̀gá Dísù. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sílé. Ọkọ̀ àwọn èèyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá bá a, ti bàbá rẹ̀ ń kọjá níwájú rẹ̀ lójoojúmọ́, ó ń tu èéfín sí i lójú bí ẹni ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ìgbà tó rí i pé ọkọ̀ náà yà wọlé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

"Bàbá, ẹ káàbọ̀! Lónìí, ọkọ̀ yìí á mọ̀ pé òun ní mọ̀lẹ́bí."

"Díẹ̀ ni kó o ṣe," ni Bàbá Pákó sọ. Ẹnu ọmọ náà ló ń wò. Tí ó bá ti rí ẹnu èèyàn dáadáa, ó máa ń rí ọ̀rọ̀ tò pọ̀. "Kó ṣáà ti gun òkè. Má fọwọ́ kan ohùn rẹ̀."

"Ohùn wo? Ṣé ikọ́ yẹn lẹ̀ ń pè ní ohùn?"

Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ohun tó rí níbẹ̀ mú kó pariwo pe ìyá rẹ̀ wá wò. Asẹ́ afẹ́fẹ́ ti fi ìyẹ̀ pákó dí pa bí imú ọmọ olótùútù. Ó yọ ọ́ sọnù, ó fi tuntun sí i. Ó tú fílítà epo, omi àti ìdọ̀tí ló dà jáde. Ó yọ àwọn nọ́sù tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, ó fi wọ́n sẹ́nu ẹ̀rọ tó fi ń dán wọn wò, ó rí i pé èyí tó yẹ kó máa fọ́n bí ìkùukùu ń kán tó-tó-tó bí òrùlé tó jò.

"Epo tó yẹ kó gbé yín gun òkè ló ń di èéfín yìí," ló wí. "Kì í ṣe pé ọkọ̀ yìí darúgbó. Ẹ̀yin lẹ fún un lọ́rùn."

Bàbá Pákó mi orí. Ìdajì ọ̀rọ̀ náà ló rí, àmọ́ ó mọ̀ pé èébú ni.

Ọ̀gá Dísù ṣí ìdérí tápẹ́ẹ̀tì, àwọn irin kéékèèké tó ń lu tó-tó lórí ẹ́ńjìnnì, ó fi irin pẹlẹbẹ wọn àlàfo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fún èyí tó tú, ó ń tú èyí tó fún. Iṣẹ́ ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìgbà tó débi súkúrù tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì yóò ṣe máa sáré tó tí ọkọ̀ bá dúró, ó dáwọ́ dúró.

"Ta ló yí súkúrù yìí débí? Ọkọ̀ dúró sójú kan, ẹ́ńjìnnì ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé!"

"Èmi ni. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ ẹ."

Òótọ́ ibẹ̀, kò fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ńṣe ló ń yí i díẹ̀díẹ̀, oṣù dé, oṣù lọ, nígbàkígbà tí kò bá gbọ́ ọ mọ́. Tí etí bá sún sẹ́yìn, a fi sípánà sún ẹ́ńjìnnì síwájú. Ó wo ọmọ rẹ̀ bó ti ń yí súkúrù náà padà wálẹ̀, àánú ara rẹ̀ sì ṣe é.

Ìgbà tó rí sàlẹ́ńsà tuntun, ohun tó ń pa ariwo ọkọ̀, tí ọmọ rẹ̀ gbé kalẹ̀ láti fi rọ́pò èyí tó ti jẹrà, tí òun fi agolo àti wáyà so, ó mọ̀ pé ọjọ́ ti pé. Ó dúró kí ọmọ wọlé lọ mu omi. Ó gbé sàlẹ́ńsà náà, ó rọra gbé e sẹ́yìn àwọn táyà àlòkù, ó fi tapólì bò ó, ó padà wá dúró, ó ń wo ojú ọ̀run. Baba àgbàlagbà o, tó ní ọmọ-ọmọ!

Ọ̀gá Dísù jáde, ó wá a títí. Ó wá abẹ́ ọkọ̀, ó wá orí bẹ́ǹṣì. "Ṣé sàlẹ́ńsà ní ẹsẹ̀ ni?"

"Bóyá ẹni kan gbé e," ni bàbá rẹ̀ sọ. "Ayé ti bàjẹ́."

Ibi tí Ìyá Pákó ti fẹ́ sinmi, ó rí tapólì tó nà sílẹ̀ dáadáa, ó jókòó lé e. Ó fò sókè. "Yéè! Kí ló gún mi nídìí yìí?" Ó ká tapólì, sàlẹ́ńsà yọ. Ọmọ wo bàbá. Ìyá wo ọkọ. Bàbá Pákó yára lọ wo bátìrì bóyá omi inú rẹ̀ pé.

Ìyá Pákó kàn wo ọkọ rẹ̀ pẹ́, bí èèyàn ṣe ń wo ìkòkò tó ń hó, ó sì gbé sàlẹ́ńsà lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.

Wọ́n fi iná jó o mọ́ ọkọ̀. Wọ́n pààrọ̀ àwọn rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé, tó fi jẹ́ pé kò ní gbọ̀n ara mọ́. Kò sí ohun tó kù àfi kí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì.

"Ó yá, bàbá. Ẹ̀yin lẹ máa tan án," ni Ọ̀gá Dísù wí. Ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó bímọ tuntun.

Bàbá Pákó jókòó sídìí sítíárì. Ó yí kọ́kọ́rọ́. Kò gbọ́ nǹkan kan. Àga kò gbọ̀n, dáṣíbọ́ọ̀dù kò jó. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé, ẹ̀n-ẹ́n, ó kọ̀, ọmọ yìí ti bà á jẹ́. Ó tún kọ́kọ́rọ́ yí.

Ẹ gbà mí! Eyín sítáàtà, ẹ̀rọ tó ń jí ẹ́ńjìnnì, bá eyín ẹ́ńjìnnì tó ti ń yí pàdé, ariwo irin gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó ń jó irin lódìkejì da iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó fọwọ́ di etí.

"Bàbá! Ó ti ń ṣiṣẹ́!" Ọ̀gá Dísù na ọwọ́ gba fèrèsé, ó tú kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ó ti tàn tipẹ́! Ṣé ẹ ò gbọ́ ọ ni?"

"Mo... sítáàtà ni mo ń dán wò."

Ojú ọmọ náà yí padà. Ó wo bàbá rẹ̀, ó wo etí bàbá rẹ̀. Ó fẹ́ la ẹnu. Bàbá Pákó tẹjú mọ́ sítíárì. Irọ́ tó ti ń sáré láti ọjọ́ yìí, òtítọ́ ti bá a, tòun ti sípánà lọ́wọ́.

Ibẹ̀ ni Ìyá Pákó ti ṣí ilẹ̀kùn kejì, tó gun ọkọ̀, tó sì ti ilẹ̀kùn gbàà. "Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí òkè ọ̀hún," ló wí, ó sì nawọ́ sí ọ̀nà kí ọkọ rẹ̀ lè rí i. "Ìwọ, dúró dè wá. Palẹ̀ ilé iṣẹ́ ẹ mọ́, ó dà bí ilé ológìnní."

Wọ́n jáde. Ọkọ̀ ń lọ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ sílẹ̀. Wọ́n gbé dígí sókè nítorí eruku. Bàbá Pákó ń ronú ohun tó fẹ́ sọ tí wọ́n bá padà. Ìgbà yẹn ló fura pé nǹkan kan ń dún. Ohùn tín-ín-rín kan ni, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Ó tẹ etí sí dáṣíbọ́ọ̀dù. Kì í ṣe ibẹ̀. Ó wo abẹ́ àga. Inú rẹ̀ dùn díẹ̀ pé, ó dáa, àbùkù kan ṣẹ́kù, wọ́n máa ní láti tún un tú.

Ó yíjú sí ọ̀tún, ó rí ẹnu ìyàwó rẹ̀. Ó ń mì.

Ìyàwó rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Kò pariwo. Ojú rẹ̀ wà lọ́nà, ó ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni tó ń tu èpò. Etí Bàbá Pákó kò jí o, ẹ má rò bẹ́ẹ̀. Díẹ̀ tó kù lára rẹ̀ ló rí àyè, nígbà tí ariwo tó ń fi í mọ́lẹ̀ kúrò. Ó dojú kọ ọ̀nà, ó di sítíárì mú, ó sì tẹ́tí.

"...wò ó bó ṣe di sítíárì mú bí ẹni tó jí ewúrẹ́ gbé. Gbogbo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ṣófo, àárín gan-an ló lọ jókòó sí. Wọ́n ní o kọ́ ọkọ̀. Ta ló kọ́ ẹ? Ṣé ẹni náà ṣì wà láyé kí n lọ bú u?... Orúnkún yìí tún ń ro mí. Mi ò ní sọ fún ọmọ, á ní kí n jókòó sílé. Kí n máa wo ògiri."

Ọwọ́ rẹ̀ dìde, ó gbá ọkọ rẹ̀ nítan fẹ́rẹ́, kò sì dá ọ̀rọ̀ dúró. Ọwọ́ yìí, ó ti mọ́ Bàbá Pákó lára. Láti ìgbà tó ti ń gbá a nítan lójú ọ̀nà ló ti gbà pé ìfẹ́ ni. Àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, ó wo dígí. Lọ́rí kan wà lẹ́yìn wọn, ó ń fọn fèrè, ó ń wá ọ̀nà. Ó ya sí ẹ̀gbẹ́, lọ́rí kọjá. Ó ronú sẹ́yìn, orí rẹ̀ wú. Gbogbo ìgbà tí ọwọ́ yẹn ti ń bà á, ẹni kan ló ń fọn fèrè lẹ́yìn. Ìfẹ́ náà ni, kì í kàn ṣe irú èyí tó rò.

"...ọmọ ti fura, Àwé," ni ohùn náà ń wí. Àwé ló máa ń pè é kí wọ́n tó bímọ rárá. "Tó bá bi mí, kí ni kí n wí? Mo ti bò ó, mo tún bò ó, aṣọ fẹ́ tán lọ́wọ́ mi. Mo ní kí wọ́n tún ọkọ̀ ṣe, torí tó bá kú, kọ́kọ́rọ́ ò wúlò. Mi ò mọ̀ pé yóò dákẹ́ tó báyìí. Tí wọ́n bá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹ, níbo ni mo ti fẹ́ máa rí ẹ bá sọ̀rọ̀? Tí mo bá fẹ́ kó o gbọ́ nílé, àfi kí n pariwo, gbogbo ilé á sì gbọ́. Ibí nìkan ni mo ti ń sọ ti inú mi. O ò gbọ́, mo mọ̀. Àmọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ ni mo wà."

Omi bo ojú Bàbá Pákó, ọ̀nà di méjì. Ó fẹ́ dákẹ́ kó lè máa gbọ́ lọ. Kò lè ṣe é.

"Orúnkún wo ló ń ro ẹ́?" ló bi í.

"Ti òsì," ni Ìyá Pákó dáhùn. Ló bá yí pìrì. "Yéè! Ta ló sọ fún yín?"

"Ìwọ náà ni. Lẹ́yìn tí o ní mo jí ewúrẹ́ gbé."

Ó fi gèlè bojú. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ jáde lábẹ́ gèlè náà, ẹ̀rín tó mi gbogbo èjìká, kó tó di pé ẹkún dà pọ̀ mọ́ ọn. Bàbá Pákó ya ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìgbà yẹn ni wọ́n rí i pé orí òkè ni wọ́n wà. Ọkọ̀ ti gùn ún tán, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò mọ̀.

"Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?" ló bi í.

Ó sún mọ́ etí rẹ̀, àmọ́ kò pariwo. "Ẹni tí mo ń sùn tì, tí mo bá pè é lórí ibùsùn tí kò dáhùn, ṣé ọkọ̀ wà nínú yàrá ni?"

"O ò sì sọ fún mi."

"Ẹ̀yin náà ò sọ fún mi. Mo rí i pé ẹ̀rù ń bà yín. Ẹ̀rù ń ba èmi náà."

Lẹ́yìn náà ni Bàbá Pákó yí ọkọ̀ padà.

Ọ̀gá Dísù dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ká ọwọ́ lẹ́rán. Kó tó la ẹnu, bàbá rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀, ó ti na kọ́kọ́rọ́ sí i.

"Etí mi ń lọ, ọmọ mi. Ó ti pẹ́. Ọkọ̀ ni mo fi bò ó. Mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà tó ń wo etí. Tí wọ́n bá ní ohun tí wọ́n ń kì bọ etí, kí wọ́n kì í bọ̀ ọ́. Tí wọ́n bá sì ní kí n má wakọ̀ mọ́..." Ó wo ọkọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. "Màá gbọ́."

Ọmọ náà wo kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Láti ìgbà tí sítáàtà ti ké ni mo ti ń wá bí mo ṣe máa gbà á lọ́wọ́ yín. Mi ò rí bí mo ṣe fẹ́ wí i."

"Kò sí ẹni tó máa gba nǹkan kan lónìí," ni Ìyá Pákó wí. Ó ká ìka ọkọ rẹ̀ padà bo kọ́kọ́rọ́ náà. "Orí àga kejì ni etí ọkọ̀ yìí wà, ó ti pẹ́ tó ti wà níbẹ̀, a ò sì tíì forí gbá ẹnikẹ́ni. A máa lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ohun tó bá wí ni a ó ṣe."

"Orúnkún ìyá ẹ náà," ni Bàbá Pákó fi kún un, "kí wọ́n bá wa wò ó."

"Ẹ ò rí ọlọ̀tẹ̀!" Ìyá Pákó gbá a lẹ́yìn. "Ṣé bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bo àṣírí ara wa?" Ọmọ wọn rẹ́rìn-ín, ó nu imú, ó lọ ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Àwọn méjèèjì tún wọ ọkọ̀, wọ́n fẹ́ máa lọ sílé. Kí Bàbá Pákó tó tan ẹ́ńjìnnì, ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Tún un sọ."

"Kí ni mo fẹ́ tún sọ? Èwo?"

"Gbogbo èyí tí mi ò gbọ́."

"Gbogbo ẹ̀? Láti ìgbà yẹn?"

"Ọ̀nà wà níwájú wa," ni Bàbá Pákó wí. "Mo lè gba ọ̀nà tó jìn."

Ìyá Pákó tún gèlè rẹ̀ wé, ó wo ọkọ rẹ̀ títí, ó sì bẹ̀rẹ̀.